Ẹ Fún Ìwádìí Fúnra Rẹ̀ Ní Máàkì

Bí ìparí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń sún mọ́lé ní Kumasi, ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ ó rí i pé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tókọ́pì ló máa ń kún jù. Ilé ìkàwé náà a máa kún, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ń ka nóòtì tí olùkọ́ fún wọn nítorí ìdánwò. Àwọn mìíràn wá nítorí fáànù, àti nítorí iná tí wọ́n lè fi ṣájì fóònù. Àwọn ìwé tó wà lórí pẹpẹ dúró síbi tí wọ́n wà láti ọdún tó kọjá.

Iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ ńkọ́? Orí fóònù ni wọ́n ti kó o jọ. Olùkọ́ a gba ojú ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a wo gírámà, a wo bí àkójọ ìwé ìtọ́kasí tó wà lẹ́yìn ṣe gùn tó, a sì kọ máàkì sí i. Kò béèrè pé: níbo lo ti rí ọ̀rọ̀ yìí? Kí lo wá tí o kò rí? Ìwé wo lo kà tó yí èrò rẹ padà? Níbẹ̀ gan-an, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. A ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó lọ lo ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n a kì í san án ní kọ́bọ̀ kan fún ìrìn tó bá rìn níbẹ̀. Èyí tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín ìwé àti èyí tó lo alẹ́ ọjọ́ kan lórí fóònù lè gba máàkì kan náà, bí gírámà wọn bá ti dọ́gba. Ọmọ tó gbọ́n yóò yan alẹ́ ọjọ́ kan. Bí a bá fẹ́ kí ó yan ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká fún ìwádìí fúnra rẹ̀ ní máàkì.

Kí ọ̀rọ̀ má baà rí bí àbá lásán, ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tó kan àwa Yorùbá, tó sì kan Kumasi. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ kọ̀wé lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníṣòwò Yorùbá inú ọjà ńlá Kumasi ní 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí àṣẹ náà bá jù lọ. Ìkànìyàn ọdún 1960 ti ka nǹkan bíi 100,000 Yorùbá ní Ghana, oníṣòwò sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Inísà, kò ṣòro títí dòní láti rí ìdílé tí àgbàlagbà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n bí sí Ghana, tó sì ṣì ń gbọ́ Twi.

Ọ̀rọ̀ tó tóbi tó báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò tẹ "Yorùbá ní Kumasi" sórí fóònù rẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde kò ní pọ̀, ohun náà sì ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rí. Bí kò bá ṣọ́ra, yóò lọ́ ọ pọ̀ mọ́ ti ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shehu Shagari lé àwọn ará Ghana kúrò ní Nàìjíríà, tí báàgì onílà tí a mọ̀ sí "Ghana Must Go" fi gba orúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò sọ pé kò sẹ́ni tó kọ nǹkan lórí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Orúkọ tí òun fi ń wá a ló yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ilé ìkàwé máa ń kọ́ni nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń wá nǹkan lórí fóònù kì í sì í sábà kọ́ni. Ní Ghana, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń pè wá ní Yorùbá. "Lagosian" wà nínú ìwé àwọn òyìnbó amúnisìn, yálà èèyàn wá láti Èkó tàbí láti Ìlọrin. "Anago" làwọn kan ń pè wá. "Alata" ni orúkọ tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn Akan, òun ló wà nínú "alata samina", ìyẹn ọṣẹ dúdú. Nínú àṣẹ 1969, "alien" lásán ni wá. Sípẹ́lì ìlú àti ẹ̀yà náà kò dúró lójú kan: "Coomassie" ni Henry Stanley kọ sí orí ìwé rẹ̀ ní 1874, "Ashantee" ni Winwood Reade kọ lọ́dún kan náà, "Ashanti" ni Rattray kọ ní 1923, "Asante" sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kọ lónìí. Kí ó tó di 1957, Gold Coast ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá tẹ "Ghana" nìkan sínú kátálọ́ọ̀gù yóò fo ọ̀pọ̀ ìwé tó ti jáde ṣáájú òmìnira.

Ta ló máa sọ gbogbo èyí fún akẹ́kọ̀ọ́? Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí èèyàn mọ bí a ti ń béèrè. Bí o bá lọ sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ìwé lórí ọrọ̀ ajé?" yóò nawọ́ sí odindi pẹpẹ kan fún ọ. Bí o bá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ohun tí wọ́n kọ nípa àwọn oníṣòwò àjèjì ní Kumasi láàárín 1960 sí 1972," iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yóò fi àkọlé tí kátálọ́ọ̀gù ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí hàn ọ́. Bí o bá sì dé ibi tí ìwé náà wà, má ṣe mú un kí o máa sáré lọ. Wo èyí tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ àti èyí tó wà lápá òsì, nítorí ìwé tó ń sọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣí ẹ̀yìn ìwé, ka àkójọ ìtọ́kasí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti lo ọdún bíi mélòó kan láti bá ọ wá nǹkan, ó sì kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wo ibi tí ìrìn bẹ́ẹ̀ lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ wa dé. Yóò pàdé ìwé mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ti J. S. Eades, "Strangers and Traders", tó jáde ní 1993. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò Yorùbá ní Ghana gan-an ló ń sọ, àmọ́ òkè ọya Ghana ló gbájú mọ́. Ìkejì ni ti Enid Schildkrout, "People of the Zongo", tó jáde ní 1978. Kumasi ló dá lé, ó sì sọ̀rọ̀ àwọn àlejò inú Zongo dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn Mossi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìkẹta ni ti Gracia Clark, "Onions Are My Husband", tó jáde ní 1994. Inú ọjà ńlá Kumasi ni obìnrin yìí jókòó sí, láàárín àwọn ìyálọ́jà, àmọ́ ìparí àwọn ọdún 1970 ló tó débẹ̀, nígbà tí àwọn Yorùbá tí àṣẹ náà lé ti lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú yóò gé gbólóhùn kan nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, yóò lẹ̀ wọ́n pọ̀, yóò sì sọ pé òun ti ṣèwádìí. Ohun tí Eades sọ nípa àríwá Ghana, yóò fi í ṣe ti Kumasi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fara balẹ̀ yóò rí nǹkan mìíràn. Ìwé kan mọ Yorùbá, kò dúró ní Kumasi. Ìkejì mọ Kumasi, kò dúró ti Yorùbá. Ìkẹta mọ ọjà, ó dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Ta ló gba ìsọ̀ tí àwọn Yorùbá fi sílẹ̀? Ṣé àwọn tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, àbí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Àwọn ọjà wo ló wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n lọ? Kò sí bí fóònù ṣe fẹ́ fún un ní ìbéèrè yìí, nítorí àyàfi tí èèyàn bá gbé ìwé mẹ́ta síwájú ara rẹ̀ lórí tábìlì kan ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fi ń yọjú.

Ilé ìkàwé á tún ṣe oore mìíràn fún un, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá. Á jẹ́ kí ó gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Ẹni tí wọ́n lé bàbá bàbá rẹ̀ yóò fẹ́ kọ ọ́ pé ìkórìíra ni, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n Busia tó wà nídìí àṣẹ náà, onímọ̀ nípa àwùjọ ni. Òun ló kọ ìwé tó jáde ní 1951 lórí ipò àwọn ọba Ashanti nínú ètò ìjọba òde òní, ó sì ṣeé ṣe kí ìwé náà wà lórí pẹpẹ tí kò jìnnà sí ti Schildkrout. Àìríṣẹ́ṣe pọ̀ ní Ghana nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ sì gbà pé àjèjì ló mú ọjà dání. Lọ́dún 1970, òfin mìíràn tún jáde tó ya àwọn òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Ghana. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka gbogbo èyí kó ṣì sọ pé àṣẹ náà kò dára. Èmi náà gbà pé kò dára. Àmọ́ yóò sọ ọ́ bí ẹni tó ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnu ẹni méjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Yàtọ̀ sí àwọn ìwé wọ̀nyí, ìròyìn ìkànìyàn 1960 ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí àwọn ẹ̀yà tó wà ní Ghana, tí wọ́n tẹ̀ ní 1964. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà wà, bíi Daily Graphic ti Accra àti The Pioneer tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kumasi ní 1939. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni àṣẹ jáde, tó sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún àwọn èèyàn, kò nílò láti tú odindi ọdún palẹ̀. Ìwé ìròyìn bí ogún péré ló fẹ́ wò. Àjọ tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ìjọba Ghana, tí wọ́n ń pè ní PRAAD, ní ẹ̀ka ní Kumasi. Manhyia, ààfin Asantehene, ní àkójọ ìwé tirẹ̀. Ilé ìkàwé ìjọba ti ẹkùn Ashanti wà láàárín ìlú. Ilé ìkàwé Prempeh II sì wà ní yunifásítì KNUST. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó wà ní Kumasi ń gbé láàárín gbogbo èyí, ó sì lè lo ọdún mẹ́rin kó má wọ ọ̀kan nínú wọn nítorí iṣẹ́ ìwádìí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ìwé inú ilé ìkàwé wa ti gbó, wọ́n á ní iná kì í dúró, wọ́n á ní àwọn òṣìṣẹ́ ibòmíràn máa ń gbó mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni pé ó wá jalè. Òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ọdún 1969, ìwé tó ti gbó gan-an ni ìṣúra. Ní ti àwọn jọ́nà tuntun, àwọn ilé ìkàwé yunifásítì Ghana ti kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CARLIGH, kí wọ́n lè jọ máa sanwó fún àwọn àkójọ jọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti san owó yẹn tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rojọ́ pé jọ́nà kan ní kí òun san dọ́là kó tó ṣí i, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé ìkàwé rẹ̀ ti sanwó rẹ̀, kó sì gba ọ̀rọ̀ ìwọlé. Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà lè di ilẹ̀kùn ilé ìkàwé, bí ó bá mọ kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i.

Àwọn mìíràn á ní, kí la tún ń wá ilé ìkàwé sí nígbà tí ChatGPT wà? Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ó lè bá èèyàn túmọ̀ gbólóhùn tó le, ó lè dábàá ọ̀rọ̀ tí a lè fi wá nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí a máa dá orúkọ ìwé sílẹ̀. Yóò fún ọ ní òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún àti nọ́ńbà ojú ìwé, gbogbo rẹ̀ á gún régé, ìwé náà ò sì sí láyé. Ẹni tí kò wọ kátálọ́ọ̀gù rí kò ní ohun tó lè fi dá èyí mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò yóò fi ìṣẹ́jú méjì wo bóyá ìwé náà wà. Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń gbọ́n sí i tó ni ilé ìkàwé ṣe ń wúlò sí i, nítorí pé ibẹ̀ la ti lè mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ yẹ̀ wò.

Báwo wá ni a ṣe lè fún ìwádìí ní máàkì? Kò le. Nínú máàkì 100, kí olùkọ́ yọ 30 sọ́tọ̀ fún ojú ìwé kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò so mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó kọ ìbéèrè tó kọ́kọ́ ní síbẹ̀ àti èyí tó padà já sí. Kí ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó fi wá nǹkan, àti ibi tó ti wá a. Kí ó dárúkọ ìwé mẹ́ta tó ràn án lọ́wọ́ àti ìdí rẹ̀, kí ó sì dárúkọ ọ̀kan tó kà tó sì jù sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí tó fi jù ú sílẹ̀. Ní ìparí, kí ó sọ ohun tó wá tí kò rí. Olùkọ́ tó ní igba akẹ́kọ̀ọ́ lè ka ojú ìwé kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ó bá fura sí ẹnì kan, kó mú ìtọ́kasí kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, kó ní kí ó lọ gbé ìwé náà wá kó ṣí ojú ìwé náà. Ẹni tó kà á yóò padà wá. Bí ọ̀rọ̀ bá sì tàn pé olùkọ́ yìí máa ń béèrè, ẹ ó rí i bí pẹpẹ ìwé ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í ní àlejò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ju máàkì lọ. Kumasi kì í ṣe ìlú tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú náà ní 1874, Winwood Reade tó bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ìwé ní oríṣiríṣi èdè nínú ilé olókùúta Asantehene. Wọ́n ba ilé náà jẹ́, wọ́n sì dáná sun ìlú. Àwọn ìwé tí àwọn ààfáà fi èdè Lárúbáwá kọ ní Kumasi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Copenhagen, ní ilé ìkàwé ọba Denmark, ni àkójọ kan nínú wọn wà lónìí. Ohun tí onílé kò bá tọ́jú, ẹlòmíràn á bá a tọ́jú, onílé á sì máa tọrọ ìyọ̀ǹda kó tó rí i.

Àwọn Yorùbá tó kúrò ní Kumasi ní 1969 ń lọ báyìí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti kọjá àádọ́rin. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn kan nínú wọn ni rìsíìtì ìsọ̀, ìwé ìgbélùú àti fọ́tò tí wọ́n yà ní Kumasi wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ́ bí a ti ń wá nǹkan nínú ilé ìkàwé ló máa mọ̀ pé ohun tí ìyá àgbà kan ń sọ kò sí nínú ìwé kankan, pé ó yẹ kí òun gbà á sílẹ̀ kíákíá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ́ ní àdàkọ yóò máa tẹ fóònù nígbà tí ìyá náà bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yọ 30 sọ́tọ̀ ní sáà tó ń bọ̀, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, ẹ béèrè fún wákàtí kan péré nínú kíláàsì àwọn ọmọ ọdún kìíní, kí ẹ kọ́ wọn ní kátálọ́ọ̀gù, kí iṣẹ́ ìwádìí tó dára sì máa rí àyè sí lórí pẹpẹ yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wọlé kí ẹ kí òṣìṣẹ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, kí ẹ sì béèrè. Orúkọ tí a ń pè yín nínú ìwé lè má jẹ́ èyí tí ẹ mọ̀.